Kọ Ohun tí Ojú Rẹ Rí: Ẹ̀kọ́ lórí Ọmọ tí ń Kọ́ Sáyẹ́ǹsì ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama

Ibi kíkà: Daniẹli 1:8–16

Ọ̀ràn tí a fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí kì í ṣe ọ̀ràn orí pẹpẹ, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí i. Nígbàtí àwọn ọmọ wa bá parí JSS tí wọ́n sì wọ SS1, a máa ń pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kan a kọjú sí èdè àti ìtàn, àwọn kan a kọjú sí ìṣòwò, àwọn kan a sì kọjú sí sáyẹ́ǹsì. Ní GRA Ìlọrin níhìn-ín, ó fẹ́rẹ̀ jẹ́ pé kò sí ilé tí kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ kẹta yìí. Àwọn òbí ti ń pe ọmọ ní dókítà kí ó tó mọ bí a ti í wọn ooru omi. A kò bá ẹnikẹ́ni wí nítorí èyí. Ìfẹ́ rere ni. Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà, àti àwa òbí wọn pẹ̀lú, ni kò tíì béèrè ohun tí kíláàsì sáyẹ́ǹsì ń retí lọ́wọ́ ẹnití ó bá wọ inú rẹ̀.

Ẹ̀bùn kan wà tí ọmọ ìjọ máa ń gbé lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Láti kékeré ni a ti kọ́ ọ ní Katikísímù, a ti mú un kọ́ Sáàmù sórí, ó sì ti dìde níwájú ìjọ ní ọjọ́ Ìkórè láti ka ẹsẹ tirẹ̀ láìwo ìwé. Àkọ́sórí kì í ṣe ohun ẹ̀gàn, a kò sì ní gba ẹnikẹ́ni láyè láti kẹ́gàn rẹ̀ lójú wa. Ẹnití kò bá mọ orúkọ àwọn ẹ̀yà ara ọ̀pọ̀lọ́ sórí kò lè kọ wọ́n sínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní ẹsẹ̀ méjì, àkọ́sórí kò sì ju ẹsẹ̀ kan lọ. Ẹsẹ̀ kejì ni pé kí ọmọ wo nǹkan fúnra rẹ̀, kí ó wọ̀n ọ́n, kí ó sì kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀, ìbáà ṣe èyí tí ó ń retí, ìbáà ṣe èyí tí kò retí rárá. Ọmọ tí ó ń fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo rìn lè dé ìdajì ọ̀nà kí ó tó rẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo Daniẹli. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ti fi orí kìn-ín-ní ìwé rẹ̀ wàásù lórí ìwà mímọ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì bá kà á, yóò rí ohun mìíràn níbẹ̀. Nígbàtí olórí àwọn ìwẹ̀fà ń bẹ̀rù pé ojú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà yóò fà ro bí wọn kò bá jẹ oúnjẹ ọba, Daniẹli kò bá alábòójútó wọn jiyàn. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dán àwọn wò. Ó dá iye ọjọ́ fún un: ọjọ́ mẹ́wàá. Ó sọ ohun tí wọn yóò jẹ àti èyí tí wọn yóò mu: oúnjẹ tí ó ti inú ọ̀gbìn wá, àti omi. Ó sọ àwọn tí a óò fi wọ́n wé, èyíinì ni àwọn tí ń jẹ oúnjẹ ọba. Ó sì fi ìdájọ́ sí ojú ẹnití yóò wò wọ́n ní òpin ọjọ́ náà, kì í ṣe sí ẹnu ara rẹ̀. Bí ojú wọn bá burú, kí a ṣe sí wọn bí a ti rí i. Ẹnití ó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní bí a ti í gbé àyẹ̀wò kalẹ̀ kò ní í wá àpẹẹrẹ lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ SS2 bá gbé irú àyẹ̀wò yìí tọ̀ wá wá lónìí, a óò fún un ní máàkì rere, ṣùgbọ́n a óò bi í ní ìbéèrè pẹ̀lú. Èéṣe tí ó fi jẹ́ ènìyàn mẹ́rin péré? Ta ni ó wọ̀n wọ́n kí ọjọ́ mẹ́wàá tó bẹ̀rẹ̀? Ǹjẹ́ ara àwọn mẹ́rin náà kò ti le ju ti àwọn yòókù lọ tẹ́lẹ̀? A kò fi èyí tàbùkù Ìwé Mímọ́. Ẹnití ó kọ ìtàn náà kò sọ pé ìwé sáyẹ́ǹsì ni òun ń kọ. A kàn ń fi irú ìbéèrè tí ọmọ gbọ́dọ̀ máa bi ara rẹ̀ hàn ni.

Nísinsìnyí ẹ bá wa wọ yàrá àyẹ̀wò, tí àwọn ọmọ ń pè ní láàbù. Nínú ìdánwò kẹ́mísìrì ti WAEC, iṣẹ́ àfọwọ́ṣe nìkan gba máàkì 50 nínú 200, ó sì ti pẹ́ tí ìbéèrè àkọ́kọ́ níbẹ̀ ti ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní titration. Ọmọ yóò rọ ásíìdì sínú búrẹ́ẹ̀tì, igò gígùn tóóró tí a fa ìlà ìwọ̀n sí lára, tí ó ní ẹ̀rọ kékeré nísàlẹ̀ bí ti omi-ẹ̀rọ. Yóò máa kán an díẹ̀díẹ̀ sínú omi álíkálì tí a ti fi aró kan sí, títí àwọ̀ aró náà yóò fi yí padà. Ẹ̀kán kan ṣoṣo ni ó ń mú un yí. Lẹ́yìn náà yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè bá ojú omi dọ́gba, nítorí ẹnití ó bá wò ó láti òkè yóò rí iye kan, ẹnití ó bá wò ó láti ìsàlẹ̀ yóò rí òmíràn. Yóò kà á dé ìdá kejì lẹ́yìn àmì, yóò sì tún iṣẹ́ náà ṣe títí yóò fi rí iye méjì tí kò fi ju 0.20 lọ yàtọ̀ síra wọn. Iṣẹ́ sùúrù ni.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a kò ní dárúkọ, a ṣí ìwé àwọn ọmọ tí ó ju ogójì lọ ní ọjọ́ kan, gbogbo wọn ni ó sì kọ 24.50. Búrẹ́ẹ̀tì tí ó wà nínú yàrá náà kò pé mẹ́wàá, méjì nínú wọn sì ń jò sórí tábìlì lójú wa. A bi ara wa léèrè bí búrẹ́ẹ̀tì tí ń jò àti èyí tí kò jò ti ṣe fohùn ṣọ̀kan tó bẹ́ẹ̀. Nígbàtí a wádìí, a rí i pé ọmọ kan ni ó ṣiṣẹ́ náà, ìyókù gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀lẹ ni gbogbo wọn. Púpọ̀ nínú wọn ti rí iye tiwọn, 23.90 tàbí 25.10, wọ́n sì pa á rẹ́ nítorí pé kò jọ ti ẹlẹgbẹ́ wọn. Èyí ni ó dùn wá jù. Ọmọ rí òtítọ́ pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, ó sì fi ráọ́bà nù ún kúrò.

Àwọn ọmọ nìkan kọ́ ni ó jẹ̀bi. Bí olùkọ́ bá ti kọ iye tí ó yẹ kí wọ́n rí sí ojú pátákó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí ni ó kù tí wọn yóò wò? Àti àwa òbí ńkọ́? Òfin ìjọba lórí ojóró nínú ìdánwò ti wà láti 1999, síbẹ̀ àwọn kan nínú wa ń san owó ńlá kí ọmọ wọn lè jókòó ní àwọn ibùdó tí ayé ń pè ní ibi iṣẹ́ ìyanu. Ó yẹ kí orúkọ náà máa ta ọmọ ìjọ létí. Ẹ jẹ́ kí a ronú síwájú díẹ̀. Ọmọbìnrin tí ó kọ 24.50 tí kò rí, nọ́ọ̀sì ni a fẹ́ kí ó dà. Ní òru ọjọ́ kan, ní wọ́ọ̀dù, yóò ku ẹ̀jẹ̀ríru ènìyàn mẹ́ta tí kò tíì wọ̀n, oorun yóò sì máa kùn ún. Ó ti mọ bí a ti í kọ iye sílẹ̀ láìwo nǹkan kan. Ìyá ta ni yóò wà lórí bẹ́ẹ̀dì kẹta?

Nítorínáà, ohun kìn-ín-ní tí a ń retí lọ́wọ́ ọmọ ni ìwé àkọsílẹ̀ tí ó jẹ́ òtítọ́. Kí ó kọ ọjọ́ sí i. Kí ó kọ iye pẹ̀lú ohun tí a fi wọ̀n ọ́n, nítorí 24.50 lásán kì í ṣe nǹkan kan títí a óò fi mọ̀ bóyá omi ni tàbí aṣọ. Bí ó bá ṣì í kọ, kí ó fa ìlà kan ṣoṣo la àárín rẹ̀ kọjá kí a ṣì lè kà á, kí ó sì kọ èyí tí ó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ó fi pẹ́ńsù ya àwòrán ohun tí ó wà níwájú rẹ̀, kì í ṣe èyí tí ó wà nínú ìwé. Ní ti ìṣọ́ra, ọ̀rọ̀ kò pọ̀: a kì í jẹun nínú láàbù, ásíìdì ni a ń dà sínú omi, a kì í da omi sínú ásíìdì, ohun tí kò ní orúkọ lára igò, kí a má fọwọ́ kàn án.

Ìwé kíkà nílé ni ó kàn. A mọ̀ pé ní GRA yìí, olùkọ́ lẹ́sìnnì máa ń wá sí ọ̀pọ̀ ilé ní ìrọ̀lẹ́. Olùkọ́ tí ó ń bi ọmọ ní ìbéèrè ṣe é gbà. Olùkọ́ tí ó ń bá ọmọ ṣe iṣẹ́ ilé rẹ̀, kí a san owó rẹ̀ kí ó máa lọ. Àṣìṣe tí a sì ń rí jù ni pé ọmọ kò ní fọwọ́ kan ìwé títí ìdánwò yóò fi ku ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà yóò wá ka ìwé kan náà lẹ́ẹ̀marùn-ún ní òru kan. Ní 1885, ará Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, tẹ ìwé kan jáde lórí bí ènìyàn ti ń gbàgbé. Ara rẹ̀ ni ó fi ṣe àyẹ̀wò: ó kọ́ àwọn ègé ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ sórí, ó sì ń wò ó bí ó ti ń sọ wọ́n nù. Ó rí i pé inú àwọn wákàtí àkọ́kọ́ gan-an ni ìgbàgbé ti yára jù. Ìdí nìyí tí a fi ń wí pé kí ọmọ ṣí ìwé físíìsì tí ó kọ́ lówùúrọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí iná tó lọ, bí kò tilẹ̀ ju ìdajì wákàtí lọ.

Bí yóò ti kà á pẹ̀lú ṣe pàtàkì. Ní 2006, Roediger àti Karpicke ní Amẹ́ríkà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́ láti kà. Apá kan tún un kà; apá kejì pa ìwé dé, wọ́n sì kọ gbogbo ohun tí wọ́n lè rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tí ó tún un kà ni ó rántí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀ràn ti yí padà: àwọn tí ó pa ìwé dé ni ó rántí jù. Kí ẹnikẹ́ni ní Ìlọrin má ṣe rò pé ohun tuntun ni èyí. Àwọn ọmọ ilé-kéwú ìlú yìí ti ń ṣe é kí àwọn baba wa tó kọ́ ilé ìjọsìn kan síhìn-ín. Ọmọ a kọ ẹsẹ rẹ̀ sórí wàláà, a kà á títí, a sì gbé e lọ síwájú ààfáà. Ìgbàtí ó bá kà á láìwò ó tí kò sì ṣì í ni a tó fọ wàláà náà fún òmíràn. Kí ọmọ wa pẹ̀lú pa ìwé báyọ́lọ́jì dé, kí ó ya ọkàn àti àwọn iṣan rẹ̀ sórí tákàdá òfìfo, kí ó tó ṣí ìwé láti wo ibi tí ó ti ṣì í.

A fẹ́ fi ohun kan kún un tí àwọn òbí kan lè má fẹ́ gbọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣàlàyé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Yorùbá nílé. Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi kọ ìdánwò, a mọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n dáradára. Ṣùgbọ́n ọmọ lè ka ìtumọ̀ kan ní Gẹ̀ẹ́sì láìsí àṣìṣe kí ó má sì mọ ohun tí ó ń sọ. Bí ó bá fẹ́ sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ àgbà ní Yorùbá, kò ní ibi tí yóò sá pamọ́ sí. Láti 1970 dé 1978, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ dán ọ̀ràn yìí wò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́bí ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀. Nígbàtí a fi wọ́n wé àwọn tí a ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àwọn ọmọ Yorùbá náà kò rẹ̀yìn, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Sáyẹ́ǹsì kò sì há mọ́ inú láàbù. Ẹ mú ọmọ lọ sí ìdí ẹnití ń ta wàrà. Àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé wàràǹkàṣì lórí iná, wọ́n ń fi oje ewé bomubomu sí i, ó sì ń dì. Ẹ bi ọmọ léèrè: iná ni ó dì í ni, tàbí oje? Bí ó bá dáhùn wàràwàrà, ẹ má gbà á. Báwo ni ó ṣe mọ̀? Yóò rí i fúnra rẹ̀ láìpẹ́ pé a nílò ìkòkò kejì tí a óò gbé kaná bákan náà tí a kò ní fi nǹkan kan sí. Ìkòkò kejì yìí ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń jẹ oúnjẹ ọba dúró fún nínú ìtàn Daniẹli. Kí ẹnití ó bá fẹ́ ṣe é nílé lo omi ọsàn wẹ́wẹ́ dípò bomubomu, nítorí oje ewé náà léwu púpọ̀ fún ojú.

Nígbà ìsinmi tí ó kọjá, a kó àwọn ọmọ díẹ̀ jọ sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé ìjọsìn. A so òkúta mọ́ okùn, a sì so okùn náà rọ̀ sórí ẹ̀ka igi, tí ó fi jẹ́ mítà kan láti orí dé àárín òkúta. A ní kí wọ́n fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kí wọ́n jọ̀ọ́ rẹ̀ kí ó máa fì, kí wọ́n sì ka ogún ìfì pẹ̀lú aago. Èéṣe tí ó fi jẹ́ ogún? Nítorí pé ọwọ́ ènìyàn kì í yá tó láti tẹ aago gẹ́lẹ́ fún ẹyọ kan. Bí a bá pín àṣìṣe náà sí ogún, ó di kékeré. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, a bi wọ́n léèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá pààrọ̀ òkúta náà sí èyí tí ó wúwo ní ìlọ́po mẹ́ta. Gbogbo wọn ni ó wí pé yóò yára sí i, a sì ní kí wọ́n kọ èrò wọn sílẹ̀.

Òkúta kékeré gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 40. Òkúta ńlá náà gbà 40. Ọmọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí i fi ráọ́bà pa 40 rẹ́ kí ó lè kọ 35, nítorí pé ó ti sọ pé yóò yára. A di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí ó kọ 20. Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ó tún tirẹ̀ kọ bí ti gbogbo ènìyàn. Ó wò wá lójú, ó ní, “Sà, ohun tí mo rí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n tún un kà.” Ó tún un kà, ó tún rí 20. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ó ń kà á sókè kí gbogbo wa lè gbọ́, nígbànáà ni ó dúró fúnra rẹ̀ láàárín kan. Ó ti ń ka àlọ ní ẹyọ kan, ó sì ń ka àbọ̀ ní ẹyọ mìíràn, nígbàtí àwọn yòókù ń ka àlọ àti àbọ̀ pọ̀ ní ẹyọ kan. Ojú rẹ̀ kò purọ́ fún un. Ohun tí ó pè ní ìfì ni ó yàtọ̀. Ó fa ìlà kan la 20 náà, ó sì kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Nínú gbogbo àwọn tí ó wà níbẹ̀ ní ọjọ́ náà, òun nìkan ni kò tún ní í béèrè ohun tí ìfì kan jẹ́ mọ́ láé.

Wọ́n máa ń pìtàn pé inú ilé ìjọsìn ńlá ní Pisa ni Galileo ti kọ́kọ́ kíyèsí fìtílà tí ń fì, tí ó sì fi ìlùkìkì ọwọ́ ara rẹ̀ wọn àkókò rẹ̀. Viviani, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ni ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn òpìtàn ń jiyàn lórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òtítọ́, a kò ní í sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin wa, kí wọn má bàa máa wo fìtílà nígbà ìwàásù.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣe é ní kíláàsì yín, owó rẹ̀ kò tó nǹkan: okùn, òkúta méjì, rúlà, àti aago inú fóònù. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti parí ti mítà kan, ẹ gé okùn náà kúrú sí sẹ̀ǹtímítà 25, ìdá mẹ́rin ti àkọ́kọ́, kí ẹ ní kí olúkúlùkù kọ iye tí ó rò pé yóò rí kí ó tó kà á. Ọ̀pọ̀ yóò kọ 10. A kò ní í kọ ìdáhùn síhìn-ín.